Èéyi Kò Gbọdọ̀ Kọjá Ìdí Dóńgóyárò

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Ìyá Àgbà wa jẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe máa ń kí èèyàn. Kò sí aláìsàn kan láàárín àwa Yorùbá Niamey tí kò ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìbáà jẹ́ ibà, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ tó rọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń gbé lódìkejì odò ní Harobanda, bó bá ti palẹ̀ aṣọ tó ń tà mọ́ ní Grand Marché nírọ̀lẹ́, á wọ táàsì, á kọjá lórí afárá, á lọ jókòó ti ẹní aláìsàn náà, á sì máa kí i títí aláìsàn fúnra rẹ̀ á fi máa wá bí òun ṣe máa sùn. Èmi ló máa ń mú dání. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé fóònù lẹ fi ń kíni, ẹ ò mọ ìyà tó wà nínú kéèyàn jókòó sórí ẹní nílé onílé, kí ebi máa pa á, kí àgbà méjì máa kí ara wọn. 'Ẹ kú ìtọ́jú o.' 'A dúpẹ́ o.' 'Ọlọ́run á jẹ́ kó mọ síbẹ̀.' 'Àmín o.' 'Ilé ńkọ́?' 'Dáadáa ni.' 'Ọjà ńkọ́?' Bí wọ́n bá kíra tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé. Bí mo bá ráhùn lójú ọ̀nà, á ní, 'Ràbí, ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé.' Òwe yẹn ni mo gbọ́ dàgbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ya gbogbo ayé lẹ́nu, pé obìnrin yìí kan náà ló ti géètì ilé wa mọ́ gbogbo èèyàn lọ́dún kan.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo ti tó ọmọ tí í dá pọnmi, ṣùgbọ́n n kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń pè sí ọ̀rọ̀ àgbà. Àwọn pátì òṣèlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i ní Niger nígbà náà. Ọkọ̀ á gba àdúgbò wa kọjá tòun ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí, wọ́n á fi Zarma kọrin ìbò, wọ́n á tún fi Hausa kọ ọ́, àwa ọmọdé á sì máa sáré tẹ̀ lé wọn nítorí fìlà tí wọ́n ń há. Àwọn bàbá wa ò dìbò níbẹ̀, àmọ́ wọn ò jẹ́ ká gbádùn bí wọ́n bá ti ń jiyàn lórí ẹ̀. Ilé wa ò tóbi. Yàrá wà lápá ìhín, yàrá wà lápá ọ̀hún, wọ́n kọjú síra wọn, igi dóńgóyárò ńlá kan sì wà láàárín àgbàlá. Abẹ́ ẹ̀ là ń jẹun, abẹ́ ẹ̀ là ń sùn bí ooru bá mú. Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ tí à ń pè ní Bàbá Kékeré ń ta pákó ní ọjà Katako, òórùn igi gbígbẹ la máa fi ń mọ̀ pé wọ́n ti dé. Ìyá mi ò sí nílé lásìkò náà, ó ti lọ tọ́jú ìyá tó bí i lọ́mọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Àgbà, tó jẹ́ ìyá bàbá mi, ló wá ń mójú tó èmi àti Músílíù àbúrò mi. Yàrá rẹ̀ la ń sùn, lórí ẹní kan náà, ìró búta àlùwàlá rẹ̀ ló sì máa ń jí wa, lẹ́yìn náà la ó wá gbọ́ odó àwọn ará ilé kejì tí wọ́n ń gún jéró, gbì, gbì, gbì, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àmọ́ ká sọ òótọ́, ẹni tó nilé gan-an lọ́dún náà, ọmọ ọwọ́ ni. Àṣàkẹ́ là ń pè é. Ìyàwó Bàbá Kékeré ló bí i lẹ́yìn tó ti wá ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn kan ti ń gba ọkọ rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyá Àgbà ò bá wọn dá sí irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé Ọlọ́run kì í pẹ́, àwa èèyàn là ń kánjú. Nígbà tí Àṣàkẹ́ wá dé, gbogbo ilé ló bí i. Kò sí ẹ̀yìn tí kì í wà. Bó ti wà lẹ́yìn Ìyá Àgbà láàárọ̀, ẹ̀yìn mi ló máa wà lọ́sàn-án tí mo bá ti ilé ìwé dé, bàbá mi á sì gbà á nírọ̀lẹ́ kó tó bọ́ bàtà. Músílíù náà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ á na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ẹní, á ní ká gbé e lé òun lẹ́sẹ̀. Ìyá Àṣàkẹ́ gan-an kì í rí ọmọ rẹ̀ gbà àfi bó bá fẹ́ fún un lọ́mú. Ìdájí ni Ìyá Àgbà ti máa ń lọ gbé e, á gbé e jó káàkiri àgbàlá, á máa pè é ní Àṣàkẹ́, ọmọ tí a ṣà kẹ́, ọmọ tó mọ ọ̀nà tó jìn wá. Ọmọ náà á máa rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹnu láìsí eyín kan ṣoṣo níbẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ ń lọ tí ooru sì ń bọ̀, eruku pupa máa ń bo Niamey débi pé a ó tan iná lọ́sàn-án gangan. Kò sí ọmọ tí imú rẹ̀ kì í ṣàn lásìkò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Músílíù bẹ̀rẹ̀ sí í sín, tí imú rẹ̀ ń ṣàn, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó tún ń wú ikọ́ gbígbẹ, a ní eruku ni. Ìyá Àgbà fi róòbù pa á láyà, ó sì lọ sọ́jà. Ara rẹ̀ gbóná, ó tún tutù díẹ̀, ó tún wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń sá fún ìmọ́lẹ̀, ṣe ló ń fi ìborùn Ìyá Àgbà bojú tó ń sá lọ sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà ń wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kàn dúró lójijì. Ó ṣẹ́ etí ọmọ náà síwájú, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìléròrò pupa wínníwínní ti jáde síbẹ̀, ó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Ó ní kó lanu. Nǹkan funfun wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹyọ iyọ̀. Mi ò rí ẹ̀rù lójú obìnrin yẹn rí títí di àárọ̀ náà.

Ó ní, 'Ràbí, ta ló gbé Àṣàkẹ́ lánàá?'

Mo ní, 'Ẹ̀yin ni, Ìyá Àgbà. Ẹ̀yin lẹ gbé e fún mi. Èmi wá gbé e fún...' Mo wo Músílíù. Ìyá Àgbà ò jẹ́ kí n parí ẹ̀ tó fi ní kí n lọ mú aṣọ Músílíù wá.

Obìnrin Zarma kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ní dìsípáńsérì àdúgbò ló yẹ̀ ẹ́ wò, òun àti Ìyá Àgbà sì fi Hausa sọ ọ́. Ohun tó ń ṣe é ní orúkọ nínú gbogbo èdè tí à ń sọ ní Niamey, àwa mọ̀ ọ́n ní èéyi. Ó ní kò sí oògùn tó ń lé e lọ, ó máa ṣe tiẹ̀ tán ni. Ká máa fún un ní omi dáadáa, ká máa fún un ní oúnjẹ bó tilẹ̀ ń kọ̀, ká máa fi omi mímọ́ nu ojú rẹ̀, bí mímí rẹ̀ bá sì ti ń yára tàbí tí ihò ìhà rẹ̀ ń wọlé, ká gbé e wá kíá. Ó já orí hóró oògùn róbótó pupa kan, ó kán omi inú rẹ̀ sí i lẹ́nu, ó ní fún ojú rẹ̀ ni. Ó wá sọ èyí tó mú kí Ìyá Àgbà fọwọ́ lérán. Ó ní inú èémí ni èéyi ń gbà rìn. Bí ọmọ bá wúkọ́ nínú yàrá tó sì jáde, ohun tó wú síbẹ̀ á ṣì dúró síbẹ̀ de ẹlòmíràn, àti pé kí ìléròrò tó yọ rárá ló ti ń ràn. Ẹni tó bá ti ṣe é rí kì í sábà ṣe é mọ́, èmi ti ṣe tèmi nígbà tí mo wà lọ́mọ ìkókó. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ń gún un fún ọmọ, oṣù mẹ́fà sì ni Àṣàkẹ́ wà. Ní ti Músílíù, ó yẹ kó ti gbà á tipẹ́. Àmọ́ nígbà tí àwọn abẹ́rẹ́ dé àdúgbò wa, ìyá mi ti pọ̀n ọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí wọ́n sì dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti pọ̀n ọ́n padà sí Niamey. Bí àwa ọmọ oníṣòwò ṣe ń ṣe nìyẹn. Músílíù ti di bàbá ọmọ báyìí, ó sì máa ń sọ pé òun àti abẹ́rẹ́ ṣe bojúbojú lójú ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ò rí òun, èéyi ló rí òun.

Ìyá Àgbà béèrè bí wọ́n ṣe máa ṣe ti ọmọ ọwọ́. Obìnrin náà ní ká yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn má fọwọ́ kan ọmọ náà, ká sì máa ṣọ́ ọ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ó lé díẹ̀. Ó ní, 'Bó bá ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ máa rí i. Bí kò bá wọ̀ ọ́ lára, ẹ máa dúpẹ́.'

A délé, Ìyá Àṣàkẹ́ sì sáré jáde tòun tọmọ lẹ́yìn, ó ti ń kúnlẹ̀ kó lè kí i kú àbọ̀. Ìyá Àgbà nawọ́. 'Dúró síbẹ̀! Má wá síbí.' Àfi bí ìgbà tí wọ́n gbá ọmọbìnrin yẹn létí. Ìyá Àgbà mú ọmọ odó, ó fi dábùú ilẹ̀ nídìí dóńgóyárò. Ó ní, 'Ẹ̀yin ẹ wà lọ́hùn-ún. Àwa á wà níhìn-ín. Èéyi kò gbọdọ̀ kọjá ìdí dóńgóyárò yìí.' Ó ní kí bàbá mi kó ẹní rẹ̀ lọ sápá ọ̀hún, kí Bàbá Kékeré lọ ti géètì, kẹ́nikẹ́ni má wọlé, nítorí kò sí ẹni tó máa wọlé tí kò ní í kí aláìsàn tán kó tó lọ gbé Àṣàkẹ́.

Ìyá Àṣàkẹ́ ní, 'Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ò ní í gbé e ni?'

'Èmi gan-an ni n kò ní í gbé e.'

Bó ṣe sọ ọ́ le, ó wọlé, ó sì jókòó sórí ẹní, ó ń fi ìborùn nu ojú. Ọjọ́ náà ló sọ fún mi pé òun bímọ kan kí òun tó bí bàbá mi. Ràímì lorúkọ rẹ̀. Ó ti ń sáré kiri ilé. Ó ní láyé ìgbà náà, bí ọmọ kan bá ń ṣe èéyi, ṣe ni wọ́n máa kó gbogbo ọmọ agbo ilé jọ sórí ẹní kan náà, pé kí wọ́n kúkú jọ ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, 'Àwọn tó kù ṣe é tán lóòótọ́.' Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dìde, ó lọ bu omi. Mo ti bímọ báyìí, mo sì mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ẹ wá wo ilé wa. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ìléròrò náà ti ojú Músílíù dé àyà, ó dé ikùn, ó dé ẹsẹ̀, ó so pọ̀ mọ́ra wọn títí ara rẹ̀ fi rí págunpàgun. Ìyá Àgbà fi aṣọ dúdú ta fèrèsé nítorí ojú rẹ̀. Ó se ewé dóńgóyárò, ó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fi ń wẹ̀ ẹ́. Ògì jéró ló ń fún un, ṣíbí kan, ìtàn kan, ṣíbí kan, ìlérí kan, ó ṣèlérí kẹ̀kẹ́ fún un lọ́sẹ̀ yẹn tó jẹ́ pé dòní olónìí Músílíù ṣì ń béèrè kẹ̀kẹ́ náà. Ikọ́ rẹ̀ ò jẹ́ ká sùn. Tó bá ti wúkọ́ jù, Ìyá Àgbà á gbétí lé e láyà, á máa gbọ́ bó ṣe ń mí, àwa méjèèjì ò ní í lè mira. Àwọn tọ̀hún ló ń dáná. Ìyá Àṣàkẹ́ á gbé dàmbú tí wọ́n fi jéró àti ewé sè tàbí ìrẹsì wá, á gbé e lé àpótí nídìí igi, á ké sí wa, á sì padà sẹ́yìn, kí Ìyá Àgbà tó jáde lọ gbé e. Tí a bá jẹun tán, omi tó ń hó la fi ń fọ abọ́ kó tó padà síbẹ̀.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni ti Àṣàkẹ́. À ń gbọ́ ohùn rẹ̀, a ò rí i gbé. Ọmọ náà máa ń ké ní ìdájí kí ìyá rẹ̀ tó fún un lọ́mú, igbe náà sì ti di ìròyìn fún Ìyá Àgbà. Yóò ti kírun tán, yóò jókòó tẹ́tí. 'Ṣé ó ti ké?' Mo ní, 'Kò tíì ké, Mà.' Á máa ka tẹ̀sùbáà lọ, àmọ́ mo mọ̀ pé kò ka nǹkan kan. Bí igbe náà bá wá dún lápá ọ̀hún, wàá, tó sì le dáadáa, ejìká rẹ̀ á rọlẹ̀. Á ní, 'Àlìhámúdúlílàáhì. Ohùn ẹ̀ ò há.' Lẹ́yìn náà lòun àti Ìyá Àṣàkẹ́ á wá máa pariwo mọ́ra wọn láti ẹnu ọ̀nà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò lè dá wọn lẹ́bi, àgbàlá wà láàárín wọn, odó ń lọ nílé kejì, ọkọ̀ oníbò ń kọjá nígboro. 'Wo ẹ̀yìn etí ẹ̀!' 'Mo ti wò ó, Mà!' 'Tún un wò!' 'Gbé oúnjẹ síbẹ̀ kí o máa lọ!' 'Mo ní má sún mọ́ mi!' 'Má gbé ọmọ yẹn wá síbí o, mo kìlọ̀ fún ẹ!'

Ẹ wá fojú inú wò ó pé lẹ́yìn odi lẹ wà, tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ gbogbo èyí.

Ìyá Sàádátù ló kọ́kọ́ dé, ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà tí wọ́n jọ ń ta aṣọ, láti Harobanda, tòun ti àpò ọsàn. Ó kan géètì. 'Ẹ kú ilé o!' Ìyá Àgbà dáhùn láti inú, 'Ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ má wọlé o!'

'Ta ni kò gbọdọ̀ wọlé?'

'Ẹ̀yin ni, ọ̀rẹ́ mi. Ara Músílíù ò yá.'

'Ara ẹ̀ ò yá, ìyẹn náà ni mo mà ṣe wá!'

'Èéyi ni.'

'Èéyi mélòó ni n kò tíì rí láyé mi?'

'Ẹ ní ọmọ-ọmọ nílé, ọmọ ọwọ́ sì wà níbí. Ẹ dákun, ẹ máa lọ.'

Ìyá Sàádátù gbé ọsàn sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ó sì lọ, kò sọ pé ó dàbọ̀. Ìyá Àgbà gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń lọ, ó gbọ́ pé kò sọ pé ó dàbọ̀, kò sì lè jẹun mọ́ nírọ̀lẹ́ náà. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti kún Grand Marché. Wọ́n ní àìsàn kọ́. Taa ló ń ti géètì nítorí àìsàn? Wọ́n ní àwọn ará ilé kejì gbọ́ bí ìyá àti ìyàwó ọmọ ṣe ń pariwo léra wọn lórí láti àárọ̀ dalẹ́, pé ìyá ní kí ìyàwó má sún mọ́ òun, pé wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá àgbà, pé ọmọ odó ti wọ̀ ọ́, wọ́n ti ń mú un síra wọn. Yorùbá! Ẹ bá mi rí wọn. Kò sí ìjà kankan, wọ́n ti wá aṣọ tó yẹ kí wọ́n wọ̀ lọ parí ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n máa wá gan-an ni ara Àṣàkẹ́ gbóná. Láti òru ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìdájí, Ìyá Àgbà jókòó, ó tẹ́tí, igbe ò dún. Ó ní, 'Ṣé ó ti ké?' Mo ní kò tíì ké. Oòrùn yọ, kò ké. Ìyá Àṣàkẹ́ wá jáde sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú, ó ní ara ọmọ gbóná, kò gba ọmú, ó kàn ń kùn, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kó wo ẹ̀yìn etí. Kò sí nǹkan kan. Àmọ́ kò sí nǹkan kan lẹ́yìn etí Músílíù náà níbẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, Ìyá Àgbà ò sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Mo rí i tó dúró nídìí ọmọ odó náà, tó ń wo ẹnu ọ̀nà ọ̀hún, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òun rèé tí kò lè nawọ́ tún orí ọmọ tirẹ̀ ṣe. Inú mi bà jẹ́ débi pé mo lọ jókòó ti Músílíù láìsí ẹni tó rán mi.

Nírọ̀lẹ́ la gbọ́ sálámọ̀ lẹ́nu géètì. Àlàájì Tìjání, olórí àwa Yorùbá àdúgbò, ló kó àwọn àgbà bíi mélòó kan lẹ́yìn, wọ́n tẹ́ ẹní síta, Ìyá Sàádátù sì wà láàárín wọn. Wọ́n ní wọn ò ní í fipá wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa parí ẹ̀. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ lápá tiwa, ó kí wọn tìkúnlẹ̀ tìkúnlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò rí i.

Àlàájì ní, 'Ìyá, a wá bẹ̀ yín ni.'

'Ẹ wá bẹ̀ mí fún kín ni?'

'Ẹ forí ji ìyàwó yín.'

'Kí ló ṣe?'

'Ohun yòówù kó ṣe. Ọmọdé ni. Ìyàwó, ṣé o ń gbọ́? Kúnlẹ̀ kí o bẹ ìyá ọkọ rẹ.'

Ìyá Àṣàkẹ́, tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ́wọ́, tí kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí àgbà bá ní kéèyàn kúnlẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ ná kó tó béèrè ìdí. Ó ní, 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Mà.'

Ìyá Àgbà lọgun, 'Dìde jàre! Kí lo ń bẹ̀ mí fún? Gbé ọmọ yẹn wọlé!'

A gbọ́ Ìyá Sàádátù níta tó ní, 'Ẹ ò rí i? Kò gbẹ̀bẹ̀!' Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwe. Mi ò lè sọ èyí tó pa, nítorí kò tíì pa á dé ìdajì tí igbe fi ta nínú yàrá Ìyá Àṣàkẹ́. 'Yéè! Màmá o! Màmá!'

Mi ò rí àgbà tó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Ìborùn bọ́ lórí rẹ̀, bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti dé ìdí dóńgóyárò kí n tó dìde. Ibẹ̀ ló ti dúró. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ọmọ odó, kò kọjá. Ó ń pariwo, 'Kí ló ṣe é? Ẹ sọ fún mi! Kí ló ṣe é?'

Ìyá Àṣàkẹ́ jáde, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lọ́mú, ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. 'Ó gé mi jẹ, Màmá! Ó gba ọmú, ó sì gé mi jẹ! Eyín ni! Ó ti hu eyín!'

Àwọn àgbà ń pariwo níta. 'Wọ́n ti ń gé ara wọn jẹ? Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ta ló gé ta jẹ?'

Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí igi, ó bú sẹ́kún. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó wà níta tó gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí. Ibẹ̀ ló jókòó sí tó fi sọ ọ́ fún wọn, pé kò sí ìjà, pé èéyi ló wà lápá ìhín, ọmọ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ló wà lápá ọ̀hún, pé òun gan-an lòun ń wo ọmọ yẹn láti òkèèrè bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò lówó rẹ̀. Ó wá dárúkọ Ràímì fún wọn. Àlàájì ló kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ó ní, 'Ìyá, ẹ má bínú. A ò mọ̀ ni.' Ìyá Sàádátù ní, 'Ọ̀rẹ́ mi, ó dàbọ̀ o. Ó dàbọ̀ ti ìjẹta náà rèé o, mi ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.' Láti ọjọ́ kejì, wọn ò sún mọ́ géètì mọ́. Òdìkejì ọ̀nà ni àwọn obìnrin ọjà máa ń dúró sí nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa kí wa láti ibẹ̀, ẹ kú ìtọ́jú o, ọmọ ńkọ́ o, eyín ńkọ́ o, ariwo wọn ju ti ọkọ̀ oníbò lọ. Ìyá Àgbà á kúnlẹ̀ lẹ́yìn géètì, á dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Eyín kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé èéyi ti lọ, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò gbé ọmọ odó náà kúrò. Ara Músílíù dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo àlùbọ́sà, ojú rẹ̀ là, oúnjẹ dé ẹnu rẹ̀, ó wá ń jẹ bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Lápá ọ̀hún, Àṣàkẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rá láìsí wa níbẹ̀. Àwa náà ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà wa, tí ìyá rẹ̀ ń fà á lẹ́sẹ̀ padà bó bá ti dojú kọ igi. Ọjọ́ pé, ó lé. Wọ́n gbé e lọ sí dìsípáńsérì, obìnrin Zarma yẹn yẹ̀ ẹ́ wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní kó padà wá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí oṣù mẹ́sàn-án bá pé, pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Ìyá Àgbà wẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń lọ sí Yídì. Ó ti fi omi gbígbóná fọ gbogbo ìró àti ìborùn, ó ti sá ẹní sóòrùn. Ó wọ bùbá funfun, ó tọ́ tìróò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ odó kúrò nídìí dóńgóyárò, ó fi ti ara odó. Gbogbo wa dúró, bàbá mi ò lọ sí Katako, Bàbá Kékeré náà ò lọ. Ó rìn kọjá, ó na ọwọ́ méjèèjì. 'Àṣàkẹ́, ọmọ tí a ṣà kẹ́.' Ìyá ọmọ gbé e fún un.

Àṣàkẹ́ wo ojú rẹ̀. Ó tún un wò. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó yí gbogbo ara rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì figbe ta. Kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ojú ti Ìyá Àṣàkẹ́ débi pé kò mọ ibi tó máa fara sí. Ó ní, 'Háà, Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ gbé e wá, kí n rẹ̀ ẹ́.'

Ìyá Àgbà gbá ọmọ náà mọ́ra, ó fi etí rẹ̀ ti ẹnu tó ń ké náà, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ lórí tìróò.

Ó ní, 'Má rẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó ké, kí n gbọ́ ọ nítòsí.'